Ẹ Má Jẹ́ Kí Orúkọ Òyìnbó Bo Ìtàn Durand Cup Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ojú ewé eré bọ́ọ̀lù yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó ka nǹkan míì, ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè rí ìròyìn kékeré tẹ́ ẹ gbé nípa Durand Cup ti ilẹ̀ Íńdíà. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí. Ó dùn mọ́ mi torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ìwé ìròyìn Yorùbá kan dárúkọ ìdíje yẹn, ó wá dùn mí torí pé ìlà mẹ́rin péré lẹ fún un: òyìnbó kan tó ń jẹ́ Durand dá a sílẹ̀ ní 1888, òun ló ṣìkẹta nínú ìdíje bọ́ọ̀lù tó pẹ́ jù láyé, ẹgbẹ́ báyìí ló gbà á kẹ́yìn, ó tán. Ẹ dákun, ìtàn yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Kolkata, ojú mi rí díẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè ka ìlà mẹ́rin yẹn kí n sì panu mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti "ìkẹta" yẹn kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀, ibi gbogbo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà gan-an ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ kà á. FA Cup ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1871, Scottish Cup tẹ̀lé e ní 1873, àwọn ará Wales bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1877, àwọn ará Ireland gbá fáìnà tiwọn àkọ́kọ́ ní 1881, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣì wà títí dòní. 1888 ni Durand dé. Báwo ló ṣe wá fẹ́ jẹ́ ìkẹta? Òun ló pẹ́ jù ní gbogbo Éṣíà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ìyẹn nìkan náà sì ti tó èèyàn fi yangàn, kò yẹ ká tún máa bù kún un.

Ìdí tó fi ká mi lára ni pé ẹni tó bá ka ìròyìn yẹn á rò pé òyìnbó fi ife ta àwọn ará Íńdíà lọ́rẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Henry Mortimer Durand ni akọ̀wé àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà yẹn. Wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá, ó wá ń sinmi ní Shimla, ìlú orí òkè tó tutù tí àwọn aláṣẹ òyìnbó máa ń sá lọ tí ooru bá ti mú, ibẹ̀ ló ti rò ó pé eré ìdárayá dáa fún ìlera, ló bá gbé ife kalẹ̀ kí àwọn sọ́jà máa du ú. Sọ́jà ni mo wí o, sọ́jà òyìnbó. Lọ́dún àkọ́kọ́, Royal Scots Fusiliers ló na Highland Light Infantry ní 2-1. Highland Light Infantry yìí kan náà wá gbà á ní 1893, 1894 àti 1895, bí wọ́n sì ṣe gbà á léra wọn lẹ́ẹ̀mẹta yẹn wọ́n gbé ife lọ pátápátá, ó di tiwọn. Wọ́n ṣe òmíì. Black Watch gba ìyẹn náà ní 1897, 1898 àti 1899, àwọn náà gbé e lọ. Ìgbà tó kan ìkẹta ni wọ́n tó pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé e lọ mọ́, kó máa yí káàkiri. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn onílẹ̀ ń wòran ni.

Durand yìí náà ló fa ààlà láàárín Afghanistan àti Íńdíà ayé ìgbà yẹn ní 1893, Durand Line ni wọ́n ń pè é, ààlà yẹn ṣì ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Afghanistan àti Pákístánì di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nǹkan méjì ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè, mo sì máa ń rò ó pé ife yẹn nìkan ni àwọn tó ni ilẹ̀ rí gbà padà.

Bí wọ́n ṣe gbà á padà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ. Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀ ná, torí Durand kọ́ ni ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ ṣí, IFA Shield ti Calcutta (ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata báyìí) ni, ìyẹn ìdíje míì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1893. Ní July 29, 1911, Mohun Bagan, ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ ní Calcutta, bá àwọn sọ́jà òyìnbó East Yorkshire Regiment gbá fáìnà. Nínú àwọn mọ́kànlá tí Mohun Bagan kó wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló wọ bàtà, Sudhir Chatterjee lorúkọ ẹ̀, àwọn mẹ́wàá tó kù ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a, níwájú sọ́jà tó wọ bàtà aláwọ líle. Àwọn sọ́jà ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Shibdas Bhaduri tó jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì dá a padà, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè Abhilash Ghosh gbá èkejì wọlé, 2-1. Èrò pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ò rí pápá rárá, wọ́n ní káìtì ni wọ́n ń fò sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ iye tí wọ́n ti gbá. Mo máa ń ro káìtì yẹn, ẹni tó dúró lókèèrè tó gbójú sókè tí kò rí bọ́ọ̀lù tí kò rí ẹsẹ̀, tó kàn ń wo bébà lójú òfuurufú bóyá tiwọn ti wọlé.

Ní ti Durand, ó tún tó ọdún 29 sí i kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Wọ́n ti gbé ìdíje náà kúrò ní Shimla wá sí Delhi nígbà yẹn, 1940 ni, ogun àgbáyé kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wọlé fáìnà ni Mohammedan Sporting ti Calcutta, wọn kì í ṣe ọmọdé, àwọn ló gba líìgì Calcutta lọ́dún márùn-ún léra wọn láti 1934 dé 1938. Royal Warwickshire Regiment ni wọ́n bá pàdé. Ẹni tó fọn fèrè lọ́jọ́ náà, Harnam Singh, ọmọ Íńdíà ni òun náà, ẹ sì wo bí ìyẹn ṣe tóbi tó láyé ìgbà yẹn, kí ọmọ onílẹ̀ máa fọn fèrè kí sọ́jà òyìnbó dúró, kó ní fáòlù ni, kí wọ́n sì gbà. Mohammedan Sporting na wọ́n ní 2-1. Ọdún 52 lẹ́yìn tí Durand gbé ife kalẹ̀ nìyẹn, ó sì ku ọdún méje kí Íńdíà gba òmìnira. Ibi tí mo rò pé ìròyìn yín ì bá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Láti 1941 dé 1949 kò sí Durand. Ogun ló dá a dúró, lẹ́yìn ogun wọ́n pín ilẹ̀ sí méjì, Íńdíà àti Pákístánì, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kò sẹ́ni tó ráyè bọ́ọ̀lù. Nígbà tó padà dé ní 1950 ẹgbẹ́ tó gbà á kì í ṣe ti Calcutta, kì í sì í ṣe ti sọ́jà, àwọn ọlọ́pàá Hyderabad ni, Hyderabad City Police, Mohun Bagan ni wọ́n sì nà ní fáìnà. Kóòṣì wọn ni Syed Abdul Rahim, tíṣà ilé ìwé ni ọkùnrin yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fi odindi ojú ewé kan kọ nípa ẹ̀, ẹ mú òun. Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá yẹn tún gba Durand ní 1954, 1957 àti 1961. Rahim yìí náà ló kó ẹgbẹ́ Íńdíà lọ gba góòlù Asian Games ní 1951, òun ló kó wọn lọ sí Olympics ti Melbourne ní 1956 tí wọ́n ṣe ipò kẹrin, ó sì tún gba góòlù Asian Games lẹ́ẹ̀kejì ní Jakarta ní 1962 tí wọ́n na Kòríà Gúúsù ní 2-1. Àìsàn jẹjẹrẹ wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún 1962 yẹn náà kò sí Durand, torí kò tó oṣù méjì lẹ́yìn Jakarta tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Íńdíà àti Ṣáínà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwọn sọ́jà ti kúrò nídìí ẹ̀ o. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Íńdíà ló ṣì wà títí dòní, ti orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfuurufú, àwọn ló ń ṣètò ẹ̀, ẹgbẹ́ wọn sì máa ń gbá nínú ẹ̀. Gorkha Brigade ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì, Border Security Force tí wọ́n ń ṣọ́ bọ́dà ti gbà á lẹ́ẹ̀méje, àwọn Army Green gbà á ní 2016. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ife mẹ́ta ni ẹni tó bá borí máa ń gbà, kì í ṣe ẹyọ kan: Durand Cup fúnra ẹ̀, Shimla Trophy tí àwọn ará ìlú Shimla fi sílẹ̀ ní 1904, àti ife Ààrẹ ilẹ̀ Íńdíà. Méjì àkọ́kọ́ ń yí káàkiri, ti Ààrẹ yẹn ni ẹgbẹ́ máa ń gbé lọ sílé pátápátá.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí èmi fojú rí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù East Bengal ni látinú oyún, ìdílé bàbá ẹ̀ wà lára àwọn tó sá wá láti ìlà oòrùn nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti di Bangladesh báyìí. Ẹni tó bá wá láti ìhà ibẹ̀ East Bengal ni, jẹ́sì pupa àti àwọ̀ wúrà. Àwọn tó ti wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn látìbẹ̀rẹ̀ Mohun Bagan ni, àwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Oúnjẹ pàápàá wọ́n pín in, tí East Bengal bá borí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní ilish ni wọ́n máa sè, tí Mohun Bagan bá borí edé ńláńlá ni. Nígbà tí mo máa fi mọ ọ̀rẹ́ mi yìí, East Bengal ti pàdánù dábì, ìyẹn ìfigagbága àwọn méjèèjì yìí, lẹ́ẹ̀mẹjọ léra wọn, ẹ gbọ́ mi dáadáa, mẹ́jọ. August 12, 2023, ìpele gúrúùpù Durand, ó fi tipátipá mú mi lọ sí Salt Lake Stadium. Ìdajì kejì ni Nandhakumar ti East Bengal gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó gé e wọnú, ó fi ẹsẹ̀ òsì yí i wọlé. Mi ò mọ ẹni tó dì mọ́ mi. Ìgbà tí mo fi máa rí ọ̀rẹ́ mi ó ti jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń sunkún, èèyàn tó ti lé lógún ọdún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn màmá ẹ̀ se ilish pẹ̀lú mọ́sítádì, mo jẹ ẹ́ débi pé egungun ẹja há mi lọ́fun.

Kò tó oṣù kan, September 3, àwọn méjèèjì tún pàdé ní fáìnà. Wọ́n fún Mohun Bagan ní káàdì pupa, ó ku èèyàn mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ mi ti ń fi fóònù pe màmá ẹ̀ nípa ẹja. Petratos ti Mohun Bagan gbé bọ́ọ̀lù láti àárín pápá, ó sáré, ó sáré, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn, ó yìn ín wọlé láti ìta, 1-0. Ìkẹtàdínlógún tí Mohun Bagan gbà nìyẹn, East Bengal wà ní mẹ́rìndínlógún. A ò sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín wọn, ní 1960 àti 1982 wọn ò rí ara wọn nà ní fáìnà, ńṣe ni wọ́n jọ pín ife.

Ohun tí mi ò sì lè gbàgbé láéláé ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. August 2024 ni wọ́n fipá bá dókítà obìnrin kan lò pọ̀ tí wọ́n sì pa á níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba ní Kolkata, gbogbo ìlú dà síta. Dábì Durand yẹ kó wáyé ní August 18, wọ́n fagi lé e torí ọ̀rọ̀ ààbò. Àwọn èèyàn ṣì wá. Kò sí bọ́ọ̀lù, wọ́n wá sí ẹnu ọ̀nà pápá, jẹ́sì pupa pẹ̀lú jẹ́sì ewé, àwọn Mohammedan Sporting náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń pariwo ìdájọ́ òdodo fún ọmọbìnrin náà. Mo rí ọmọ Mohun Bagan tó gbé ọmọ East Bengal sí èjìká. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ni mo ń sọ yìí, àwọn tí kì í jẹ ẹja ara wọn.

Fáìnà ọdún yẹn padà wáyé ní Salt Lake, Mohun Bagan ti gbá méjì wọlé kó tó di àbọ̀ eré, gbogbo èèyàn ti ń ra edé. NorthEast United láti Guwahati dá méjèèjì padà, ó di pẹ́náritì, gólì wọn Gurmeet mú méjì, 4-3. Ife ńlá àkọ́kọ́ láyé wọn. Wọ́n tún padà wá gbà á ní 2025, ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnléláàádóje, wọ́n lu Diamond Harbour ní 6-1, ẹgbẹ́ tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ ṣáájú 2022 tó sì lé East Bengal jáde ní sẹmi. Àpapọ̀ owó ẹ̀bùn ti di mílíọ̀nù 30 rúpíì lọ́dún yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn o. Lẹ́yìn tí líìgì tuntun olówó ńlá wọn, Indian Super League, bẹ̀rẹ̀ ní 2014, Durand fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò sí i ní 2015, kò sí i ní 2017, kò sí i ní 2018. Ìgbà tí wọ́n gbé e wá sí Kolkata ní 2019 ni ẹ̀mí tún wọ inú ẹ̀, ọdún yẹn ni Gokulam Kerala gbà á tí Marcus Joseph ọmọ Trinidad gbá góòlù méjèèjì sílé Mohun Bagan. Ní 2022 tí Bengaluru borí, ẹ ti lè rí fídíò yẹn, Sunil Chhetri tó gbá góòlù jù nínú ìtàn Íńdíà ló fẹ́ gba ife, gómìnà fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí fọ́tò òun lè hàn. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ti ẹlẹ́sẹ̀ lásán, ti Harnam Singh, kí wọ́n tún wá ti agbábọ́ọ̀lù kúrò níwájú ife tó fi òógùn ara ẹ̀ gbà.

Ó tún ku ọ̀kan, ẹ̀yin ni mo sì dá lẹ́bi fún un díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Kolkata tẹ́ ẹ ní ọmọ Nàìjíríà ni yín, àgbàlagbà tó bá ń ta tíì lẹ́bàá títì á dá iṣẹ́ dúró, á ní "Chima!" Chima Okorie ni wọ́n ń pè, ó gbá fún Mohammedan Sporting, ó gbá fún East Bengal, ó gbá fún Mohun Bagan, kò sí èyí tí wọn ò ti fẹ́ràn ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Emeka Ezeugo tó lọ World Cup 1994 pẹ̀lú Super Eagles, Kolkata ló ti gbá bọ́ọ̀lù ṣáájú. Ranti Martins gbá góòlù ní Goa débi pé kò sẹ́ni tó gbá tó o nínú I-League, líìgì Íńdíà tó ti wà ṣáájú Indian Super League. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìwé ìròyìn wa ti kọ nípa wọn? Ó ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ tí mo ti ka ohun tí kóòṣì ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan sọ lẹ́yìn ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọn ò borí.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀, ẹ fún Durand ní ojú ewé kan kí tọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi 1940 ṣíwájú, ẹ fi Rahim tẹ̀ lé e, ẹ wá Chima lọ kẹ́ ẹ sì bi í léèrè bó ṣe ń rí láti wọ jẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kẹ́ ẹ sì bá mi tún ti "ìkẹta" yẹn ṣe.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín kan tó ti jẹ ilish ní Kolkata